Orúkọ Tó Wà Lẹ́nu Ìyá Onírin

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, fáránkì márùn-ún á ra àkàrà tí ọmọdé kan kò lè jẹ tán ní ọjà Ouando, ìyá alákàrà á sì tún bu ata lé e lórí. Lónìí, tí fáránkì márùn-ún bá bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ mú un. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan fi zémì gbé mi, ọ̀kadà tí gbogbo wa ń wọ̀ káàkiri ìlú yìí, láti Houinmè dé etí ọ̀sà. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi, láyé ìgbà tí mo ń lọ sí yunifásítì ní Nàìjíríà, ó tó wọ mọ́tò kọjá ẹnubodè. Ó tún ń kùn pé kò tó. Nígbà tí a sì sin Ìyá Onírin, owó báàṣì tí a ta síwájú ilé láti fi dáàbò bo àwọn èrò lọ́wọ́ oòrùn nìkan ju gbogbo owó tí bàbá àgbà mi fi gbé e níyàwó lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí kò gbówó lórí ni èébú. Ọ̀fẹ́ ni nígbà yẹn, ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Ọ̀dọ̀ Ìyá Onírin ni mo ti kọ́ ọ pé ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá sọ ọ́ nìkan.

Kì í ṣe òun ló bí bàbá mi. Ìyá tó bí bàbá mi kú lórí ìkúnlẹ̀ ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn, ọmọbìnrin. Bàbá àgbà, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti olórí kíláàsì, ìyẹn ẹgbẹ́ àdúrà kan, nínú ìjọ wa, sọ ọmọ náà ní Ìtùnú, nítorí ó ní ohun tó kù fún òun nìyẹn. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí èmi náà nígbà yẹn, nínú ilé kan náà, ó sì ń fún àwa méjèèjì lọ́mú. Ṣùgbọ́n ọmú nìkan kọ́ ni ọmọ ń fẹ́. Àwọn àgbà ìjọ ní ọkùnrin kò lè dá tọ́ ọmọ ọwọ́, ni wọ́n bá fẹ́ ọmọdébìnrin kan fún un láti apá Sèmè-Kpodji, ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún. Ọmọdébìnrin yẹn ni Ìyá Onírin. Nítorí náà ìyá àgbà mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti bàbá mi. Ìtùnú sì ni àbúrò bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmú kan náà la jọ mu. Ìtùnú ni mo máa pè é níbí, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé nínú ilé wa, kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìyá àgbà ló sọ ọ́ lórúkọ. Aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń fọ̀, tó ń rì bọ omi ẹ̀gẹ́ kí ó lè dúró gán-ín, tó sì ń fi irin eléèédú lọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, aṣọ funfun á kún okùn láti ẹ̀yìn ilé dé ẹnu ọ̀nà, òun á sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú irin gbígbóná lọ́wọ́, imú rẹ̀ á máa tàn fún òógùn. Kò sí ẹni tó lè fi nǹkan pamọ́ fún un nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó mọ ẹni tó ń mu sìgá, ó mọ ẹni tó ń fi atíkè olóòórùn pa ọrùn, ó mọ ọkùnrin tí orí obìnrin sinmi lé èjìká rẹ̀ nígbà tó wọ aṣọ Ọlọ́run. Kò sì ní sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Tí ẹni náà bá wá gba aṣọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, iwájú gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ ni yóò ti gbé e fún un. Mo rántí olórí ohùn ìsàlẹ̀ kan, ọkùnrin gíga, oníwà pẹ̀lẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún. Ó na ọwọ́ gba aṣọ, ìyá àgbà kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Kí o tó lọ bá pásítọ̀ jẹ́wọ́, ọrùn ẹ̀wù rẹ ti jẹ́wọ́ fún mi.”

Ọkùnrin náà kò kọrin mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló ń jókòó sí.

Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nínú ilé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí ní àárọ̀ ọjọ́ tó wọlé. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì gbọ́dọ̀ wá orúkọ dídùn kan tí yóò máa pè wọ́n. Ìyá mi pe àbúrò bàbá mi kan ní Akọ̀wé, ó pe òmíràn ní Adúmáradán. Orúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń mú ara ènìyàn yá gágá. Ìyá Onírin náà sọ gbogbo wa lórúkọ. Àbúrò bàbá àgbà kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó máa ń pẹ́ kó tó kọjá àgbàlá. Ó pe ìyẹn ní Ó-ń-bọ̀-lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà obìnrin, tí kò bímọ, tí kò sì ní bí mọ́, ó pè é ní Ilé-Dákẹ́. Èmi tí mo máa ń ké ṣáá nítorí inú rírun, ó pè mí ní Ẹkún-Ò-Tán. Orí ìkúnlẹ̀ ni ó ti ń pe gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ojú nílẹ̀ àti ohùn rírọ̀, bí ìyàwó tó gbẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá bínú ni wọ́n máa sọ fún pé kò mọ eré. Ẹni tí wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún á dúró de ìgbà tí yóò kan ẹlòmíràn, kí òun náà rí ẹni fi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi sọ fún mi pé bàbá àgbà pè é sí yàrá, ó ní kó rọra. Ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo obìnrin ilé há sórí: “Ẹ ní kí n má pe orúkọ wọn. Ẹ ò ní kí n má wò wọ́n.”

Ìtùnú ni ó gba èyí tó burú jù. Ní àárọ̀ kejì ìgbéyàwó, wọ́n gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, wọ́n ní ọkọ rẹ̀ tó kéré jù nìyí, kó sọ ọ́ lórúkọ. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Pààrọ̀.” Ẹnì kan béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ó dáhùn pé, “Wọ́n mú odidi obìnrin lọ, wọ́n fi èyí sílẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi jẹ́wọ́ fún mi pé òun náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà wà lọ́mú òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Láràárọ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ fún ọmọ yìí. “Ẹ káàárọ̀, Pààrọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó. Bí ó bá sì ti dìde, “ẹ” á di “o.” “O tún ti tọ̀ sórí ẹní, àbí?” Báyìí ni Ìtùnú ṣe dàgbà, tí obìnrin kan náà ń kúnlẹ̀ fún un tó sì ń nà án. Ní lẹ́kọ́ọ̀lù, ilé ẹ̀kọ́ wa, mẹ́tìrì tó ń kọ́ wa kọ orúkọ oníFaransé kan sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n àwa ọmọ ilé ti gbé orúkọ kejì dé ibẹ̀ kó tó dé. Mo rò pé ó ti tó ọmọ ọdún méje kó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló bi í pé kí ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó wá sílé wá bi Ìyá Onírin. Ìyẹn sì sọ fún un, láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́, bó ṣe ń rẹ aṣọ sínú omi ẹ̀gẹ́. Nígbà tó parí, ó ní, “Ó ti yé ọ báyìí. Mú báàfù yẹn wá.”

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Nígbà tí ibà líle kan mú Ìtùnú tí gbogbo wa rò pé ó máa lọ, Ìyá Onírin ló pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn lábẹ́ òjò, òun ló sùn sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí ara rẹ̀ fi yá. Ó ti bí ọmọ tirẹ̀ nígbà yẹn, ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìyá mi. Bàbá mi lọ wò wọ́n, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí ó ti ń nu ojú ọmọ náà. Ó ń sọ fún un pé, “Tí ẹ bá kú, Pààrọ̀, ta ni mo fẹ́ máa kúnlẹ̀ fún?”

Ẹ̀sìn rẹ̀ kò ní àbùkù lójú tirẹ̀. Kì í pa ìsìn jẹ, kì í jẹun láìgbàdúrà, kì í sì sùn ní ọjọ́ Sátidé láìtọrọ ìdáríjì fún ohun tó sọ láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá ti lọ aṣọ tó kẹ́yìn tán, tó ti da èédú nù, á wọ yàrá, á sì máa gbàdúrà sókè. Àwa ọmọdé á lọ lúgọ sábẹ́ fèrèsé. “Olúwa, mo ní ìyàwó pásítọ̀ dà bí àgbá òfìfo. Dárí jì mí. Mo ní ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń jí epo àtùpà. Dárí jì mí, ìwọ náà sì mọ̀ pé ó ń jí i.” Àwọn mìíràn kò mọ̀ pé ó ti bú àwọn àfi ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ látinú àdúrà yìí, nítorí àwa la máa ń lọ ròyìn. Olórí kíláàsì tó gba ipò bàbá àgbà wá bá a, ó ní ẹni tó bá ní ìjà pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó lọ bá onítọ̀hún làjà ná. Ìyá Onírin gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ọlọ́run ni mo ṣẹ̀, òun ni mo sì bẹ̀. Ẹ̀yin ẹ jókòó síbi tí ẹ wà.”

Ìjọ wa ní àṣà kan. Kí a tó jẹ oúnjẹ Olúwa, pásítọ̀ á bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun nínú sí ẹnikẹ́ni. Ìyá Onírin ni ohùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde. “Kò sí.”

Ìtùnú kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó sì rí ọkọ, ọmọ ilé rere kan ní apá Ouando, onígbàgbọ́ bíi tiwa. Ní ọjọ́ ìdána, ìyá ọkọ gbọ́ tí gbogbo ènìyàn ń pe ìyàwó ní Pààrọ̀, ó sì béèrè pé irú orúkọ wo nìyẹn. Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ti parọ́ kékeré kan. Ìyá Onírin dá a lóhùn kí ẹlòmíràn tó la ẹnu. Ó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, odidi obìnrin tí wọ́n mú lọ àti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn ará ilé wa rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ́ wa lára. Ìyá ọkọ kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí àìsàn dá ìyá ọkọ náà dùbúlẹ̀, ó sì kú. Wọ́n sin ín pẹ̀lú orin àti ẹ̀kọ́ Bíbélì, lẹ́yìn èyí ni ẹbí ọkọ jókòó ìpàdé. Wọ́n ní ọmọ tó fi ikú ìyá rẹ̀ wáyé ti wá gba ti ìyá àwọn náà. Wọ́n ní ilé tó ti wá kò fi pamọ́, wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ ìdána, àwọn ni àwọn kò fetí sí i. Ọkọ rẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n ó gbé àpótí Ìtùnú sí ẹnu ọ̀nà.

Mo ti padà dé láti yunifásítì nígbà náà, mo wà nílé ní ọjọ́ tó dé. Àpótí wà lórí rẹ̀, oòrùn ń pa á. Ìyá Onírin rí i láti ìdí irin. Ó gbé irin kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wá kúnlẹ̀ fún un lójú ọ̀nà lójú gbogbo ará àdúgbò. “Ẹ kú àbọ̀, Pààrọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́ ni?”

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gba àpótí lórí rẹ̀, ó gbé e wọlé fúnra rẹ̀, ó sì fi ẹja tútù tó ra fún ara rẹ̀ se ọbẹ̀ fún un. Ìtùnú jẹ ẹ́. Kò ní ọkọ mìíràn títí di òní, kò sì bímọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ akọrin. Fún ọdún tó pọ̀, ohun tí èyí rán ni ìkejì ń lọ̀. Tí ìránṣọ kan bá wọ́, Ìyá Onírin á fi irin jó o díẹ̀ níbẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ọjọ́ ogbó kò mú ẹnu rẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mú. Àwọn ọmọ tó bí wà ní Kútọnu àti òkè òkun, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́. Ìtùnú, tó ti gba ilé tirẹ̀ ní Ouando, ló ń wá láràárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́, láti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, láti bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Arúgbó ń wẹ arúgbó. Èmi náà máa ń wá jókòó lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Àìkú, torí Ìyá Onírin kò lè lọ sí ìsìn mọ́, ó sì fẹ́ mọ ohun tí pásítọ̀ tuntun wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni pásítọ̀ yìí. Ìyá Onírin á bi mí pé, “Kí ni ọmọ yẹn ní lónìí, Ẹkún-Ò-Tán?”

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo sọ fún un pé pásítọ̀ wàásù lórí ẹnu. Ó ní Jésù sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ asán tí ènìyàn bá sọ ni yóò jíhìn rẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́.

Ìyá Onírin ní, “Àwọn tí a ti tọrọ ìdáríjì lé lórí ńkọ́?”

Mo ní mi ò mọ̀, mo máa bá a béèrè. Mo béèrè, torí ọ̀rọ̀ náà jẹ èmi náà lọ́kàn. Pásítọ̀ ronú, ó ní ìdáríjì ń mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò mú ọ̀rọ̀ náà kúrò létí ẹni tó gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run ti dárí jì ṣì ní ibi tó yẹ kó lọ. Mo gbé ìdáhùn yìí fún Ìyá Onírin. Ó yí ojú sí ògiri. “Ọmọ yẹn ti kéré jù láti mọ ìyẹn,” ló wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí pásítọ̀ gbé oúnjẹ Olúwa wá bá a nílé, tó tẹ́ aṣọ funfun sórí àpótí kékeré, tó sì béèrè ohun tí a máa ń béèrè, kò sọ pé kò sí. Ó ní, “Ó ku ẹnì kan.”

Ìtùnú wà nínú yàrá, ó ń ká aṣọ. Ìyá Onírin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. A fẹ́ dì í mú, ó gbá ọwọ́ wa dànù. Ó gbé orúnkún rẹ̀ lé ilẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kúnlẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí.”

Ìtùnú kò fi aṣọ sílẹ̀. “Ta ni ẹ ń bẹ̀, Ìyá?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

“Ẹ pe orúkọ mi.”

“Pààrọ̀,” ni Ìyá Onírin wí. Mo gbàgbọ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò ní òmíràn.

“Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni mo ní.”

“N kò pe orúkọ ọmọ ọkọ mi rí láti ọjọ́ tí mo wọlé yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi àìlẹ́kọ̀ọ́ kú ni?”

Pásítọ̀ dá sí i. Ó ní, “Màmá, àṣà lásán ni. Ọlọ́run kò ní bínú tí ẹ bá pe orúkọ.”

“Ìwọ tí ìyàwó rẹ ń pariwo orúkọ rẹ láti ibi ìdáná dé títì, kí lo mọ̀ nípa àṣà?”

Pásítọ̀ yíjú sí Ìtùnú. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán an létí pé bí a kò bá dárí ji ara wa, Baba wa náà kò ní dárí jì wá. Ìgbà yẹn ni Ìtùnú tó gbé aṣọ kalẹ̀.

“Pásítọ̀, ta ló wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí? Ta ló fọ ìdí rẹ̀? Ṣé ẹni tí kò dárí jini ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ti dárí jì í tipẹ́. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ mi, mo ti fún un. Orúkọ mi ni kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹnu rẹ̀ ló wà. Kó gbé e kalẹ̀ fún mi.”

Ìyá Onírin ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, “Ní ọjọ́ tí wọ́n mú mi dé, Ilé-Dákẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí mi lẹ́sẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, ‘Ṣé èyí ni wọ́n fi pààrọ̀ ìyàwó wa?’ Gbogbo wọn gbọ́. Bàbá yín gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé yín fún mi, wọ́n ní kí n sọ yín lórúkọ. Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́nu mi.”

“Ẹ mọ bó ṣe dùn yín tó.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ sì fi fún mi.”

“Gbogbo àwọn yòókù ló lè dá mi lóhùn,” ni Ìyá Onírin wí. “Ẹ̀yin nìkan ni kò lè dáhùn.”

Mo ń retí kí Ìtùnú sunkún, kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ìyá àgbà mú lábẹ́ abíyá, ó gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ mú búrẹ́dì. Ìyá Onírin mi orí. “Dá a padà. N kò tíì parí. Padà wá.”

Mo kà á sí ìwà òtítọ́ nígbà náà. Obìnrin tó ti ń sọ “kò sí” láti ìgbà èwe rẹ̀ kọ oúnjẹ Olúwa nítorí orúkọ kan. Pásítọ̀ ní òun á padà wá.

Kí ó tó padà wá, mo wà nínú àgbàlá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lábẹ́ igi ọsàn. Ìtùnú bẹ̀rẹ̀ nídìí báàfù nítòsí kànga, ó ń fọ aṣọ Ìyá Onírin. Ilé dákẹ́. Ohùn kan jáde láti inú yàrá, kò lágbára, ṣùgbọ́n ó yè kooro.

“Ìtùnú.”

Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo wo Ìtùnú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. Kò gbé orí sókè. Mo rò pé kò yé e pé òun ni wọ́n ń pè, nítorí kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn. Mo fẹ́ la ẹnu, mo tún rò pé kì í ṣe tèmi. A dúró bẹ́ẹ̀. Adìyẹ kan kọjá láàárín wa.

“Pààrọ̀.”

“Ìyá,” ni Ìtùnú dáhùn. Ó dìde, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó wọlé. Mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà láti inú lọ́hùn-ún, ìgbádùn díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, bíi ti ìgbà tó máa ń di aṣọ akọrin mú. “Mo pè ọ́. Ìwọ ni o kò dáhùn. Kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ lọ́run pẹ̀lú.”

Ó kú kí pásítọ̀ tó padà dé.

Àwọn èrò pọ̀ níbi ìsìnkú. Àwọn ìbátan wa tó ń ṣe egúngún wá, wọ́n jókòó sábẹ́ báàṣì tiwọn, àgbà kan nínú wọn sì ń mi orí pé, “Ìyàwó wa ti lọ. Ta ló kù tó máa bú wa?” Nígbà tí wọ́n ka orúkọ olóògbé, Rébékà Àjọkẹ́, obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi béèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Pásítọ̀ kọ́ ló ka ìwé náà, ará ilé wa ni. Ó ka àwọn tó wà lókè òkun, ó ka àwọn tó wà ní Kútọnu, ó sì ní, “àti Màmá Pààrọ̀.” Ìtùnú gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ kí àwọn èrò lè rí i.

Mo lọ kí i lẹ́yìn ìgbà náà ní ilé rẹ̀ ní Ouando. Mo ní ó dùn mí pé kò gbọ́ ọ ní ọjọ́ tí wọ́n pè é.

Ó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó ní, “Mo gbọ́.”

“Kí ló dé tí o kò dáhùn?”

“Mo ń dúró kó tún un pè.”

Mo bi í bóyá ó máa jẹ́wọ́ rẹ̀, bóyá ó máa bá pásítọ̀ sọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi.

“Ta ni mo máa bẹ̀?” ló wí. “Ó ti lọ.”

Nínú gbogbo àwọn tó sọ lórúkọ, Ó-ń-bọ̀-lọ́nà ti kú, ó sì pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ilé-Dákẹ́ ti kú, wọ́n ti ń ta fóònù nínú yàrá rẹ̀. Bàbá mi ti kú. Ọkùnrin akọrin tó ń jókòó sẹ́yìn ti kú, ẹ̀yìn náà ló wà títí. Ẹkún-Ò-Tán ṣì wà, òun ló kọ èyí, ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Ìtùnú ṣì wà. Ó ń rán aṣọ ní iwájú ilé rẹ̀ ní Ouando, ó jókòó sórí àga tí bàbá rẹ̀ kàn. Tí ẹ bá kọjá níbẹ̀, ẹ pè é. Tí kò bá dáhùn, ẹ tún un pè.